Kí Ni Òṣìṣẹ́ Yóò Wọ̀? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn Lórí Aṣọ Iṣẹ́ ní Ibùdó Eré Ìdárayá Àdúgbò

Ibùdó eré ìdárayá àdúgbò kì í ṣe báńkì, kì í sì í ṣe bárékè. Inú ilé kan náà ni ìyá àgbà ti ń wá na ẹsẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́, tí ẹnì kan sì lè háyà gbọ̀ngàn rẹ̀ ṣe ìkómọ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ò jọra: ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń gba owó, ẹni tó ń ṣọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́, olùkọ́ tó ń darí eré ìdárayá, ẹni tó ń po kẹ́míkà omi, ẹni tó ń nu ilẹ̀, ẹni tó ń bójú tó ọmọ wẹ́wẹ́. Nígbà tí àwọn alábòójútó bá wá jókòó láti kọ ìlànà ìmúra kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àríyànjiyàn.

Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ó jọ pé gbogbo ẹni tó dá sí ọ̀rọ̀ yìí ló gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yà síra ni ta ló ń wo ta, àti kí ni wọ́n fẹ́ kí onítọ̀hún rí. Àpẹẹrẹ tí a ó lò wá láti Ìlú Ọba, Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Nàìjíríà, nítorí pé láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù dé Surulere ní Èkó, ọmọ Yorùbá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì wà lára àwọn tó ń sanwó wọlé. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tí a ó tọ́ka sí kò bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó eré ìdárayá. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, iléèwé àti ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n dáhùn ni ìbéèrè tó ń délẹ̀ ní ibùdó.

Àmì ni aṣọ jẹ́

Lójú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, aṣọ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, àmì ni. Bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá wá ìyá rẹ̀ tì láàárín èrò, ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó yẹ kó sá tọ̀. Bí agogo iná bá dún tí gbogbo ènìyàn ń wá ọ̀nà àbájáde, ẹni tó ń sọ pé “ẹ gba ibí” gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń pariwo. Bí àgbàlagbà kan bá sì wọ yàrá tí àwọn ọmọdé ti ń pààrọ̀ aṣọ, ó yẹ kí òbí lè fojú kan mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni tàbí àlejò.

Etí omi ni ẹ̀rí wọn ti lágbára jù. Àwọn olùṣọ́ etíkun RNLI, àjọ tó ń gba ẹ̀mí là lójú omi ní Ìlú Ọba, ń wọ pupa àti yẹ́lò, àsíá pupa-òun-yẹ́lò náà ló sì ń fi ibi tí wọ́n ń ṣọ́ hàn. Ọ̀pọ̀ adágún inú ilé ti mú àwọ̀ yìí lò: ẹ̀wù yẹ́lò, ṣòkòtò péńpé pupa. Ẹni tí omi ń gbé lọ kò ní ráyè ka káàdì ọrùn ẹnikẹ́ni. Àwọ̀ ló máa rí.

Wọ́n tún ní ìwádìí lọ́wọ́. Ní 1974, olùwádìí Leonard Bickman tẹ àbájáde ohun kan tó dán wò ní òpópónà Brooklyn, ní New York, jáde. Àwọn ọkùnrin tó rán síta ń dá ẹni tó ń kọjá lọ dúró, wọ́n ń pàṣẹ fún un: ṣa ìdọ̀tí yẹn nílẹ̀, fún ọkùnrin yẹn lówó ẹyọ fún ẹ̀rọ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí ẹni tó ń pàṣẹ bá wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, àwọn tó ṣe bó ti wí pọ̀ ju ìgbà tó wọ aṣọ lásán tàbí aṣọ ẹni tó ń pín mílíìkì lọ.

Ìwádìí yẹn gan-an ló sì tú àléébù èrò yìí síta. Aṣọ ni àwọn ènìyàn gbọ́ràn sí lẹ́nu, kì í ṣe ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àmì ilé-iṣẹ́ kan lọ sí Ṣómólú ní Èkó, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti gbilẹ̀, yóò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù pólò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé kó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀wù láìwo káàdì tó ní àwòrán, wọ́n ti kọ́ ọ láti gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá rí ẹ̀wù náà rà.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ yìí máa ń fi kún un pé aṣọ iṣẹ́ ń mú kí ẹni tó wọ̀ ọ́ fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní 2012, àwọn olùwádìí Hajo Adam àti Adam Galinsky sọ pé ẹni tó wọ ẹ̀wù funfun dókítà ń pọkàn pọ̀ jù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn tún ìwádìí náà ṣe ní 2019, wọn ò rí irú àbájáde bẹ́ẹ̀. Adam àti Galinsky náà tún kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀ yẹ̀ wò ní 2023, wọ́n ní ohun kan wà níbẹ̀ síbẹ̀. Máníjà tó bá fi ọ̀rọ̀ yìí tọrọ owó aṣọ lọ́wọ́ káńsù ń fi iyàn tí kò tíì parí ṣe ẹ̀rí.

Iṣẹ́ ni kó yan aṣọ

Ẹgbẹ́ kejì kò bìkítà bóyá aṣọ jọra tàbí kò jọra. Ìbéèrè tiwọn ni: kí ni ẹni yìí ń ṣe, kí ló sì lè pa á lára tàbí mú un pa ẹlòmíì lára? Wọ́n ní ká má kọ ìlànà fún ilé, ká kọ ọ́ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo olùṣọ́ adágún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bí fèrè bá wà lọ́rùn rẹ̀, okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó ń já fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá fà á, torí ẹni tó ń rì kì í yan ohun tó ń dì mú. Ẹ̀wù rẹ̀ gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó má baà mu omi yó kó sì máa fà á lọ sísàlẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìdì kọ́kọ́rọ́ lápò, kò gbọdọ̀ sí òrùka olókùúta tó lè ya ara ọmọ tó ń fà jáde. Ti bàtà ló le jù: sílípáàsì rọrùn láti bọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ń yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bàtà kánfáàsì di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ń gba àkókò. Àkókò sì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùṣọ́ adágún ń kọ́ ni 10/20: ìṣẹ́jú àáyá 10 láti fojú yí gbogbo ibi tó ń ṣọ́ ká, ìṣẹ́jú àáyá 20 láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ewu. Ẹni tó fi àáyá márùn-ún tú okùn bàtà ti ná ìdá kan nínú mẹ́rin ogún yẹn.

Ẹ tún wo yàrá ẹ̀rọ omi. Bí kẹ́míkà kílórínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú adágún bá kan ásíìdì, gáàsì olóró ló máa ń jáde. Ìbọ̀wọ́, awò tó bo ojú dáadáa àti ápúrọ́ọ̀nù tí kẹ́míkà kò lè jẹ ni ìmúra níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè bóyá àwọ̀ wọn bá àmì ilé mu. Nínú jíìmù, ohun tó ń fì ni ewu: okùn káàdì, ẹ̀gbà ọrùn gígùn, ìdí ìborùn tó tú. Ẹ̀rọ ìsáré kì í dúró gbọ́ àlàyé.

Òfin Ìlú Ọba fara mọ́ wọn níhìn-ín. Òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ti 1974 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún ohun èlò ààbò tó pọn dandan. Láti oṣù kẹrin 2022 ni ẹ̀tọ́ ohun èlò ààbò sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe ti gbére náà, irú àwọn tí ibùdó máa ń pè nígbà tí èrò bá pọ̀.

Ibi tí èrò yìí kù sí ni pé “ààbò” jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pa iyàn lẹ́nu mọ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn híjáàbù lè ní ó lè há sẹ́rọ. Ẹni tí kò fẹ́ràn irun dàda lè ní kò mọ́. Nígbà míì òótọ́ ni ewu wà. Ìbòmú tó ń lẹ̀ mọ́ ojú, tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí gáàsì ń lò, kì í dì dáadáa lórí irùngbọ̀n, ìyẹn kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ohun tó wu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìbòmú bíi ìbòrí tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí wà, irùngbọ̀n kò sì dí i lọ́wọ́. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ààbò ti di ọ̀rọ̀ owó, kí wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àléébù kejì kéré ṣùgbọ́n ó ń yọni lẹ́nu: ní ibùdó kékeré, ẹnì kan lè gba owó lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kó ṣọ́ adágún lọ́sàn-án, kó gbá gbọ̀ngàn lálẹ́. Ìlànà mẹ́ta lọ́jọ́ kan ti pọ̀ jù.

Ẹ̀sìn, irun, àti ohun tí a bí mọ́ni

Ibí yìí ni ilé-ẹjọ́ ti sọ̀rọ̀ jù. Èrò ẹgbẹ́ kẹta ni pé òṣìṣẹ́ kì í fi ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì kó tó wọlé. Ìlànà tó dá lórí gbogbo ènìyàn lè máà dun gbogbo ènìyàn bákan náà: “kò gbọdọ̀ sí ìbòrí” kò ná ẹni tí kì í borí ní nǹkan kan.

Ní Nàìjíríà, ẹjọ́ tó gbajúmọ̀ jù ni ti híjáàbù ní iléèwé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé-ẹjọ́ gíga Èkó gbè sẹ́yìn ìjọba tó fòfin de híjáàbù ní 2014; Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní 2016; ní 17 oṣù kẹfà 2022, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, adájọ́ márùn-ún sí méjì, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lo híjáàbù wọn. Abala 38 ìwé òfin 1999 tó dáàbò bo ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn wà lára ohun tí wọ́n dúró lé. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá gbà kí àwọn obìnrin wọn tó bá fẹ́ máa wọ híjáàbù sábẹ́ fìlà iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2025, Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá dá àwọn agùnbánirọ̀ obìnrin láre, àwọn tí ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n gbà kò jẹ́ kí wọ́n wọ ṣòkòtò, pé síkẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n gbà wọ́n láàyè láti wọ̀. Ẹ kíyè sí i: Mùsùlùmí gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, Kìrìsìtẹ́nì gba ibẹ̀ kan náà. Àwọn tó ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní ọ̀rọ̀ híjáàbù nìkan kò tíì ka ìdájọ́ kejì.

Oníṣẹ̀ṣe ni ìlànà ìmúra máa ń gbàgbé. Ìlà tó sọ pé “kò gbọdọ̀ sí ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà lọ́wọ́” dà bí ọ̀rọ̀ ààbò lásán, àfi ìgbà tí ẹni tó wọ ìdè Ifá bá débẹ̀. Ọ̀ṣun, Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ti ya 20 oṣù kẹjọ sọ́tọ̀ fún ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Àwọn olórìṣà Brazil àti Cuba ń wọ ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà wọn lọ́rùn. Ìjọba tó fún ènìyàn ní ọjọ́ ìsinmi kan kí ó lè bọ ohun tó ń bọ, tó sì ní kó tú ìdè rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ tó kù, ní àlàyé láti ṣe.

Ní Yúróòpù, ẹjọ́ méjì tí wọ́n dá lọ́jọ́ kan náà, 15 oṣù kìn-ín-ní 2013, ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń kọ ìlànà kà pọ̀. Nadia Eweida ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì British Airways. Wọn ò gbà á láàyè láti jẹ́ kí àgbélébùú kékeré ọrùn rẹ̀ hàn. Shirley Chaplin jẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọn ò gbà fún òun náà. Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Eweida láre, ṣùgbọ́n Chaplin kò jàre. Ẹ̀sìn kan náà, àmì kan náà. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ti Eweida jẹ́ ọ̀rọ̀ bí ilé-iṣẹ́ ṣe fẹ́ kí àwọn oníbàárà rí òun, ti Chaplin sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbà tí aláìsàn lè fà tàbí tó lè kan ojú egbò. Ẹ gbé e wá sí ibùdó eré ìdárayá: agbàlejò ẹnu ọ̀nà ni Eweida, olùṣọ́ adágún ni Chaplin. Inú ilé kan náà, àmì kan náà lè tọ́ sí ẹnì kan kó má tọ́ sí ẹnì kejì.

Ní Amẹ́ríkà, Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Abercrombie & Fitch ní 2015, mẹ́jọ sí ọ̀kan, fún ọ̀dọ́bìnrin tó wọ ìborí wá gba iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà tí wọn ò sì gbà á. Wọ́n ní agbanisíṣẹ́ kò lè sá sẹ́yìn pé òun ò mọ̀ dájú pé ti ẹ̀sìn ni. Ní ti irun, Kalifóníà ló kọ́kọ́ ṣe òfin CROWN ní 2019, tó fòfin de kíkọ ènìyàn nítorí irun dídì, irun dàda àti irú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ tí a bí ní Dàda kò yan irun rẹ̀ níwájú dígí.

Àwọn eléré ìdárayá gan-an ti tú ọ̀kan nínú àwọn àwáwí tó gbó jù ká. Àjọ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù gba ìborí láàyè ní 2014. FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àgbáyé, gbà á ní 2017. Bí ẹni tó ń sáré tó ń fò sókè bá lè wọ̀ ọ́, ó máa ṣòro láti ṣàlàyé ìdí tí ẹni tó jókòó ń ja tíkẹ́ẹ̀tì kò fi lè wọ̀ ọ́.

Èrò yìí náà ní ibi tó ti ń mì. Ìbéèrè kan wà tí kò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn: bí a bá gba fìlà ẹlẹ́sìn, kí ló dé tí a ó kọ fìlà ẹni tí irun rẹ̀ re nítorí àìsàn, tàbí ẹni tí òtútù ń mú? Ẹni tí kò lẹ́sìn lè rí i pé òun nìkan ni ìlànà mú. Ibùdó tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún kò sì ní agbẹjọ́rò tí yóò máa wọn ẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí aṣọ má sọ ohunkóhun

Ìdáhùn kan sí ìṣòro yẹn ni pé kí àmì ẹ̀sìn má hàn lára ẹnikẹ́ni rárá. Ilé ìjọba ni, ti gbogbo ènìyàn ni, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ má fi hàn pé òun wà lápá kan. Ní oṣù kẹta 2017, Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ilé-iṣẹ́ aládàáni lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bó bá mú gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́gbọọgba. Ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n gbà á fún ìjọba ìbílẹ̀ Ans ní Bẹ́ljíọ̀mù pẹ̀lú, ní ti òṣìṣẹ́ kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá aráàlú pàdé. Wọ́n tún sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn lè yàn láti gba àmì ẹ̀sìn láàyè. Ẹnu ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀.

Agbára rẹ̀ ni pé ó rọrùn, kò sì dárúkọ ẹ̀sìn kankan. Àìlera rẹ̀ ni pé ẹ̀sìn tí ń hàn lára nìkan ló ń bù jẹ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí Wàsíù àti Sámúẹ́lì ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, mi ò rí ìṣòro tí ìlànà yìí fẹ́ yanjú. Bóyá ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Ṣòkòtò, síkẹ́ẹ̀tì, bàtà gogoro

Ẹgbẹ́ tó kàn ń yẹ ohun tí ìlànà ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin wò, èyí tí kì í béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin. Ní 2016, Nicola Thorp, tí wọ́n ti dá padà sílé lẹ́nu iṣẹ́ agbàlejò ní Lọ́ńdọ̀nù nítorí pé kò wọ bàtà gogoro, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan kalẹ̀. Àwọn tó fọwọ́ sí i lé ní 150,000, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì jíròrò rẹ̀ ní 2017. Ní 2021, wọ́n bu €1,500 owó ìtanràn lé àwọn obìnrin Norway tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ létíkun nítorí pé wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé dípò bíkínì; kí ọdún tó parí, wọ́n ti yí òfin náà padà. Ilé-ẹjọ́ kì í sábà gbè sẹ́yìn obìnrin nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2006, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà ní ilé tẹ́tẹ́ kan ní Reno kò ṣẹ̀ nígbà tó pa á láṣẹ fún àwọn obìnrin tó ń ta ọtí níbẹ̀ kí wọ́n máa kun ojú.

Àwọn tó ń gbèjà aṣọ méjì, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, ní ìdí kan tó yẹ ká gbọ́. Ẹ̀wù pólò tí wọ́n gé fún àyà ọkùnrin kì í bá ọ̀pọ̀ obìnrin lára mu. Obìnrin tó lóyún nílò tirẹ̀. Aṣọ kan fún gbogbo ènìyàn máa ń di aṣọ ọkùnrin fún gbogbo ènìyàn. Àtúnṣe tó ń tàn kálẹ̀ ni pé kí wọ́n kó onírúurú kalẹ̀, ṣòkòtò, síkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ̀wù ọlọ́wọ́ péńpé, kí ẹnikẹ́ni sì mú èyí tó bá wù ú láìbéèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Irú ìlànà yìí ni ìdájọ́ agùnbánirọ̀ náà yóò bá mu.

Owó ta ni?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbé aṣọ ẹbí kalẹ̀ ló ń dá iye rẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló sì ń rà á. Ẹni tí kò rówó lè wọ aṣọ tirẹ̀ wá jẹun. Àwọn agbanisíṣẹ́ kan ti gbé àṣà yìí wọ iṣẹ́, wọ́n sì yọ ìgbàláàyè tó kẹ́yìn yẹn kúrò: o ò rà á, o ò ṣiṣẹ́.

Ìhà tí òfin kọ sí i yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, owó aṣọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú kí owó òṣìṣẹ́ kéré sí $7.25 fún wákàtí kan, òṣùwọ̀n ìjọba àpapọ̀ tí kò tíì yí padà láti 2009. Ní Ìlú Ọba náà, owó tí wọ́n bá gé fún aṣọ ń dín ohun tí wọ́n máa kà sí owó iṣẹ́ tó kéré jù kù, ẹni tó bá sì ń fọ aṣọ iṣẹ́ tó ní àmì ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè béèrè kí wọ́n yọ owó orí kúrò lórí £60 nínú owó rẹ̀ lọ́dún. Ní Nàìjíríà, abala karùn-ún òfin iṣẹ́ kò gbà kí agbanisíṣẹ́ máa gé owó oṣù bó ṣe wù ú, àfi ohun tí òfin bá gbà láàyè.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti oṣù keje 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà. Bí ibùdó kan bá ní kí òṣìṣẹ́ ra ẹ̀wù pólò méjì ní ₦7,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù ti lọ kó tó wọ ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kò sì parí síbẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ká ẹ̀wù kan ṣoṣo, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún, gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Nígbà òjò, kò ní gbẹ. Bí kò bá sí iná, kò ní rí i lọ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá á ní ó wọ aṣọ jábajàba. Ìlànà tó ní “kí aṣọ mọ́, kó gún régé” láìsọ iye aṣọ tí ilé-iṣẹ́ yóò fún ènìyàn ti fi ẹ̀bi lélẹ̀ kí ọjọ́ tó mọ́.

Àwọn tó ní kí òṣìṣẹ́ dá owó sí i kì í ṣe òǹrorò ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ẹni tó fi owó rẹ̀ ra nǹkan ló ń tọ́jú rẹ̀, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ máa ń gbé aṣọ lọ. Òótọ́ ni pé aṣọ máa ń sọnù. Owó ìdógò tí wọ́n máa dá padà nígbà tí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lè tọ́jú ìyẹn láìsọ òṣìṣẹ́ di oníbàárà ilé-iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ mú káàdì

Ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn kéré, àwọn tó ń bá ọ̀dọ́ ṣiṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ tí ọlọ́pàá ti lé rí kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tó wọ aṣọ àṣẹ, àti pé ilé àdúgbò gbọ́dọ̀ jọ àdúgbò. Káàdì tó ní àwòrán tó fún wọn. Èrò yìí dára ní yàrá àwọn ọ̀dọ́, ó wúlò fún ẹni tó jókòó ti ọmọ tó ń bínú. Létí adágún, ó lè pa ènìyàn.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ gan-an. Olùkọ́ tó ń wá kọ́ni ní ijó ìdárayá ní wákàtí méjì lọ́sẹ̀ jẹ́ oníṣẹ́ àgbàṣe. Afínnúfíndọ̀ṣe tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù kì í gba kọ́bọ̀. Bí aṣọ bá jẹ́ àmì ààbò fún aráàlú, ó yẹ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá sì wọ̀ ọ́, aráàlú yóò rò pé ilé-iṣẹ́ ló gbà wọ́n, pé òun ló sì ń dáhùn fún wọn.

Ìkejì ni ti aṣọ olùṣọ́ adágún obìnrin tó fẹ́ bo ara rẹ̀ tán. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo apá àti ẹsẹ̀ wà lọ́jà, àwọn oníbàárà sì ń wọ̀ ọ́ nínú adágún. Ohun tí kò hàn ni irú aṣọ tó lè bo ara rẹ̀ tán láìgba ìṣẹ́jú àáyá kankan lọ́wọ́ rẹ̀ nínú 20 tó ní láti fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà nínú ewu. Orí tábìlì ìpàdé kọ́ ni a ti máa rí ìyẹn. Kí wọ́n lọ dán an wò nínú omi.

Ẹ̀kẹta ni ara fínfín. Ìran kan rí i bí àmì ìpáǹle, ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i bí ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn àgbà tó ń bínú sí i lè gbàgbé pé ilà wà lójú àwọn fúnra wọn.

Ẹ̀kẹrin, kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀wù pólò? Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Nàìjíríà ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n fi ankará tẹ́ẹ́rẹ́ rán fún agbàlejò ibùdó lè fi ènìyàn hàn bí pólò ṣe ń ṣe é, ooru kò sì ní mú un tó bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì fi iye owó méjèèjì wéra níwájú mi.

Èyí tó wúwo jù ni ti òfin. Ìdájọ́ 2022 ní Nàìjíríà sọ̀rọ̀ nípa ọmọ iléèwé. Ti 2025 sọ̀rọ̀ nípa agùnbánirọ̀. Ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ gbà síṣẹ́ láti ṣọ́ adágún kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.